Ilé Iṣẹ́ Ńlá Láàrin Àdúgbò: Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Rẹ̀?

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá ń gé igi nígbó, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Òwe yìí ni a ó fi ṣíde ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Bí ilé iṣẹ́ kan tí ó ti rí ṣe bá fẹ́ mú ọ́fíìsì rẹ̀ gbòòrò síi láàrin àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé, irú àyẹ̀wò wo ni ó yẹ kí ìlú ṣe sí ètò náà, ta ni ó sì yẹ kí ó lóhùn sí i?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ yóò kún àkúnya ni. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó ń ta ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà ni. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí yóò máa kọ́ni nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ kan wà ní òpópónà kan ní Yábàá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ háyà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ogún lọ. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbèrú, ó ra ilé tí ó háyà, ó ra ti ọ̀tún, ó sì ra ti òsì. Nísinsìnyí, ó fẹ́ wó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lulẹ̀, kí ó sì kọ́ ilé alájà mẹ́fà sí ojú ilẹ̀ wọn. Ohun rere ni èyí, nítorí pé yóò mú iṣẹ́ wá fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdílé mẹ́fà tàbí méje ti ń lo omi tẹ́lẹ̀ ni ẹgbẹ̀ta òṣìṣẹ́ yóò ti máa lò ó. Ibi tí ọkọ̀ mẹ́rin ń sùn sí ni ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ yóò ti máa wá àyè lójoojúmọ́. Ilẹ̀ tí ó ń fa omi òjò mu lẹ́yìnkùlé yóò di kọnkéré, omi náà yóò sì gba ojú títì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kò fẹ̀ síi, gọ́tà kò sì jìn síi.

Ẹrù tí ó lé síi yìí, ta ni yóò rù ú? Ṣé ilé iṣẹ́ náà ni, àbí ìjọba, àbí àwọn aládùúgbò tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ra ilẹ̀? Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo àyẹ̀wò ìlú dá lé lórí. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní rí àyẹ̀wò náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìlọsíwájú mọ́.

Bí Yábàá ṣe di ibi iṣẹ́

A kò lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná ní Yábàá àti Sùúrùlérè bí a kò bá mọ bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn àdúgbò náà. Ní ọdún 1924 ni àrùn burúkú tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba àwọn òyìnbó fi dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí LEDB. Ara iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà ṣe ni pé ó la ọ̀nà, ó sì pín ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì ní Yábàá, kí àwọn ènìyàn tí ó há mọ́ra lórí erékùṣù lè rí ibi tí ó fẹ́ra gbé. Ilé ìdílé ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà. Bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, àti bí gọ́tà ṣe tóbi tó, ìwọ̀n ìdílé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ gíga wá ń tẹ̀lé ara wọn dé. Wọ́n ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá ní gbangba ní ọdún 1934. Wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Yábàá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Yunifásítì Èkó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, kò pẹ́ tí oníṣẹ́ ọgbọ́n yóò fi dé ibẹ̀. Ní ọdún 2011 ni wọ́n ṣí CcHub ní òpópónà Herbert Macaulay, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà dá iṣẹ́ sílẹ̀ ń kóra jọ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tí ó dá Facebook sílẹ̀ bẹ ibẹ̀ wò. Ní ọdún 2018, Facebook àti CcHub jùmọ̀ ṣí ibùdó kan tí wọ́n pè ní NG_Hub ní Yábàá. Báyìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń wá háyà ilé sí agbègbè tí a tẹ̀ dó fún ìdílé, tí yàrá ìyẹ̀wù di ọ́fíìsì, tí ìloro sì di ibi tí àwọn àlejò ń jókòó dúró sí.

Ẹ má ṣe rò pé yíyí ilé gbígbé padà sí ọ́fíìsì kì í ṣe ìkọ́lé. Lójú òfin, bí a kò tilẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn, yíyí ìlò ilé padà jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún.

Ẹ̀kọ́ tí Sùúrùlérè kọ́ wa

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bèèrè pé, “Kí ni ohùn aládùúgbò fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti yanjú?” Sùúrùlérè ni yóò dá a lóhùn. Ní ọdún 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó agbègbè kan ní àárín Erékùṣù Èkó tí ó tó àádọ́rin éékà, nítorí pé ó há jù, wọ́n sì fẹ́ kí olú-ìlú Nàìjíríà dùn-ún wò kí òmìnira tó dé. Wọ́n kọ́ ilé titun sí Sùúrùlérè fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Lórí ìwé, ètò náà dára: ilé mímọ́, ojú ọ̀nà tí ó gún, àti omi ẹ̀rọ.

Onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lórí ìwé. Àwọn ìyálọ́jà tí àwọn oníbàárà wọn wà ní erékùṣù pàdánù wọn. Owó ọkọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ di ìnáwó ojoojúmọ́. Àwọn ẹbí tí ó ń gbé nínú agbo ilé kan náà túká, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn sì dínkù. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣètò náà burú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ka iye ilé, ṣùgbọ́n wọn kò ka àjọṣe tí ó wà láàrin àwọn ilé náà. Àjọṣe yìí kì í hàn nínú àwòrán. Ẹnu àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ.

Ohun tí òfin wí

Ní ọdún 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kí ó dì í mú fún ànfàní gbogbo ará ìlú. Ìtumọ̀ èyí ni pé níní ìwé ilẹ̀ kò fún ènìyàn ní àṣẹ láti kọ́ ohunkóhun tí ó bá wù ú sórí rẹ̀. Ní ọdún 1992, ìjọba ológun àpapọ̀ gbé òfin méjì jáde tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní ni òfin ìṣètò ìlú àti agbègbè, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88. Ó wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì tí ó ju àjà mẹ́rin lọ, tàbí tí àyè tí a lè fi háyà nínú rẹ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 5,000 lọ, gbọ́dọ̀ kọ àkọsílẹ̀ kíkún nípa ohun tí ilé náà yóò ṣe sí àyíká rẹ̀. Ó tún fún àwọn aláṣẹ lágbára láti kọ ètò tí yóò ni àwọn ará àdúgbò lára, tàbí tí ìpalára rẹ̀ yóò ṣòro láti káwọ́. Èkejì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 86, ni òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká. Ó pa á láṣẹ pé kí wọ́n tó ṣe ìpinnu lórí iṣẹ́ tí ó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láti sọ tẹnu wọn.

Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ ìṣètò ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní agbègbè wa, níbi tí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè, ti Yunifásítì Èkó àti ti gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tí ó wà ní Ìgànmú ti jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí ó sì fi ara kan ilẹ̀ àwọn aládùúgbò. Omi òjò kò mọ ààlà ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀.

Ní ọdún 2010, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìṣètò ìlú tirẹ̀. Lábẹ́ òfin náà, LASPPPA ni ó ń yẹ ètò wò tí ó sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. LASBCA ni ó ń ṣọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé fúnra rẹ̀. LASURA ni ó sì ń bójú tó àtúnṣe àwọn àdúgbò tí ó ti gbó.

Ohun tí àwọn aláyẹ̀wò ń wò

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé alájà mẹ́fà tí a fi ṣe àpèjúwe. Ohun àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wò ni ìlò ilẹ̀. Ìjọba ti ya àwòrán ìṣètò fún agbègbè náà, ó sì ti sọ òpópónà tí ó jẹ́ ti gbígbé, èyí tí ó jẹ́ ti òwò, àti èyí tí a pa méjèèjì pọ̀ sí. Bí ètò ilé iṣẹ́ náà bá tako àwòrán yìí, ìbéèrè ńlá dé.

Èkejì ni ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. A gbọ́dọ̀ dán ilẹ̀ wò kí a lè mọ ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé. Àwọn onímọ̀ tí òfin mọ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwòrán ilé náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìdánwò tirẹ̀ fún yẹ̀pẹ̀, kọnkéré àti irin.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ àti ọ̀nà. Níbo ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò gbé ọkọ̀ sí? Ẹnu ọ̀nà wo ni wọn yóò máa gbà wọlé? Níhìn-ín ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa, tí ó ní ibùdókọ̀ ní Múṣin, ní Yábàá àti ní Òyìngbò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní ọdún 2024, ti lè ran ìlú lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bá mú kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa wọ ọkọ̀ ojú irin yóò dín ẹrù òpópónà kù.

Ẹ̀kẹrin ni omi. Omi tí wọn yóò mu, omi ẹ̀gbin tí yóò jáde, àti omi òjò tí kò ní rí ilẹ̀ wọ̀ mọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà lórí ìwé kí ó tó ní ọ̀nà lórí ilẹ̀. Ìkarùn-ún ni afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo. Bí ògiri bá ga jù, tí ó sì súnmọ́ ilé kejì jù, òòrùn kò ní wọ yàrá aládùúgbò mọ́. Bí wọ́n bá sì gbé jẹnẹrétọ̀ kọjú sí fèrèsé rẹ̀, oorun yóò dá lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìpinnu lè jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta: kí wọ́n gbà á, kí wọ́n kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n gbà á pẹ̀lú àdéhùn. Ẹ̀kẹta yìí ni ó níyelórí jùlọ. Nínú àdéhùn ni wọn yóò ti sọ pé kí àjà mẹ́fà di márùn-ún, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ ilé ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí yóò gba omi òjò, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà nínú yàrá tí ó pa ariwo mọ́. Báyìí ni ẹrù ṣe ń kúrò lórí aládùúgbò tí ó ń bọ́ sí orí ẹni tí yóò jèrè.

Ohùn àwọn oníléeṣẹ́

Kò yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ apá kan dá. Àwọn oníléeṣẹ́ a máa ṣàròyé pé àyẹ̀wò ń pẹ́ jù. Owó tí wọ́n yá ní báńkì ń bí èlé lójoojúmọ́ nígbà tí fáìlì wọn ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí orí òmíràn. Bí ọ̀nà òtítọ́ bá gùn jù, àwọn kan yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọn yóò kọ́lé láìgba àṣẹ. Àwọn mìíràn yóò kó lọ sí Lẹ́kí tàbí Victoria Island, iṣẹ́ yóò sì kúrò ní Yábàá. Àwọn aládùúgbò pàápàá kì í ṣe ẹni mímọ́ nígbà gbogbo. Àwọn kan wà tí ohùn wọn kò ju pé kí a fún wọn ní nǹkan lọ. Nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ààbò ohun ìní ní ọdún 2016.

Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ kì í ṣe kí a pa àyẹ̀wò tì. Oògùn rẹ̀ ni kí ìlànà hàn gbangba, kí ọjọ́ ìpinnu ní gbèdéke, kí àwọn aláṣẹ ọkọ̀, omi àti àyíká pàdé lórí tábìlì kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gbọ́ ti àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ tí a ti kéde, kì í ṣe lẹ́yìn tí ògiri bá ti dé òrùlé. Nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé, pẹ́ńsù àti ìnuwọ́ ni a fi ń tún un ṣe. Bí ó bá ti di kọnkéré, katapílà ni a ó fi tún un ṣe, tàbí kí ó fúnra rẹ̀ wó.

Ẹ wo Ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá. Iná jó o ní oṣù kejìlá ọdún 2007. Ìjọba àti àwọn aládàáni pawọ́ pọ̀ tún un kọ́, wọ́n sì ṣí ilé titun rẹ̀ ní ọdún 2014. Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣòwò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ráhùn pé owó ìsọ̀ titun náà ga ju agbára wọn lọ. Àyẹ̀wò tí ó bá wo irin àti kọnkéré nìkan, tí kò bèèrè ẹni tí yóò lè padà wọlé, ìdajì àyẹ̀wò ni.

Àdéhùn àti ìmúṣẹ

Bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ó sì pa ju ogójì ènìyàn lọ. Ọ̀gá àjọ tí ń ṣọ́ ìkọ́lé nígbà náà sọ pé àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìjọba sì dá ọ̀gá náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní òpópónà Ìbàdàn ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, lẹ́bàá Yábàá wa níhìn-ín, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìwé àṣẹ kò lè gbé ilé ró. Ẹni tí yóò padà wá wò bóyá ohun tí a kọ́ ni ohun tí a fọwọ́ sí ni ó ń gbé e ró. Nítorí náà ni òfin fi pàṣẹ pé kí LASBCA máa bẹ iṣẹ́ wò láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, kí ẹnikẹ́ni má sì kó wọ ilé kí ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ tó jáde.

Ohun tí ó kan ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òpópónà kan tí ó súnmọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín. Kí wọ́n ka iye ilé tí ènìyàn ń gbé àti iye tí ó ti di ọ́fíìsì. Kí wọ́n ya àwòrán ibi tí omi òjò ń gbà. Kí wọ́n bi ìyá tí ó ti pẹ́ jù níbẹ̀ léèrè bí òpópónà náà ti rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ kan dúró bí ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ gbòòrò, kí èkejì dúró bí aládùúgbò, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ aláṣẹ tí yóò kọ àdéhùn sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti ka àwòrán ilé, tí ó sì mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ẹni tí ó ni ín, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi ìwé rẹ́ ẹ jẹ bí ó bá dàgbà.

Àwa kò sọ pé kí ilé iṣẹ́ má gbòòrò. Ìlú tí kò bá ní ilé iṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa ṣíwọ̀ọ́ lọ ni. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí yóò jèrè ni kí ó ru ẹrù, kí wọ́n sì bi ẹni tí ẹrù náà lè wó lù léèrè nígbà tí ó ṣì ṣeé gbé kúrò. Ibi tí a ó dánu dúró sí lónìí nìyí. Ó di ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ire.